Àgádágodo Lẹ́nu Pápá

Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta

Ìyá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkè òkun níbí. Ẹ kú ìdí máṣìnì, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ bá mi kí wọn, kí ẹ sì bá mi kí ẹsẹ̀ òsì wọn lọ́tọ̀, nítorí òun ni àlejò tó ń dààmú onílé. Ẹ ní kí n máa kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé, pé tí mo bá wà lórí fóònù, "dáadáa ni" ni gbogbo ìdáhùn mi. Ó dáa, ẹ wá gbọ́ èyí tí kì í ṣe dáadáa.

Àrùn tí wọ́n ń sọ yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Gíga, ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ṣì ń fi ṣe ẹ̀rín. A ní wọ́n lè ti ilé ìwé, wọ́n lè ti ilé ìtajà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ti igbó? Ta ló máa wá fi àgádágodo sẹ́nu adágún omi? Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbà wá fún ní ọgbà ìgbafẹ́ yìí: kí ojú ọ̀nà inú igbó mọ́, kí ẹni tó ń rìn má ṣìnà, kí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ má rì.

Lọ́jọ́ Àìkú, oòrùn yọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn òtútù ọ̀pọ̀ oṣù. Ilé oúnjẹ ti tì, ilé sinimá ti tì, gbogbo ìlú bá ya lù wá. Ọkọ̀ kún ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó kún ẹ̀bá títì. Àwọn èèyàn ń fara kanra lójú ọ̀nà tóóró bí èèrà tó rí ṣúgà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àṣẹ ti dé ọwọ́ ọ̀gá wa pé ká ti ọgbà náà pa.

A so jáńgílófà mọ́ òpó kó má lè fì mọ́. A fi téèpù yí àwọn àga onígi po. Wọ́n ní kí àwọn tó ń ṣọ́ omi lọ jókòó sílé, pé ẹnikẹ́ni kò ní lúwẹ̀ẹ́ lọ́dún yìí. Èmi gan-an ni mo ti géètì. Bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń wá láràárọ̀ dúró ní òdìkejì, ó ń wò mí. Ó wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ṣé afẹ́fẹ́ náà ti ń pààyàn ni?" Mo ní àṣẹ ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Ìyá, ó dúpẹ́, ó sì yí padà. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ẹ má jáde o. Ẹ má sì jẹ́ kí Bàbá jáde.

Ọmọ yín tó ń ti ilẹ̀kùn.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Ẹsẹ̀-ò-gbélé, ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìfaradà. Ìgbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni mo ti sọ ọ́ lórúkọ yìí, torí o máa ń sá jáde kí n tó yíjú padà. Ṣé ìwọ náà ni wọ́n wá gbà síṣẹ́ pé kó máa lé èèyàn wọlé? Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, lẹ́yìn náà mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Kónílé-ó-gbélé ti dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Lọ́jọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, bàbá yín wọ bàtà wọn ní ìdájí bí ìṣe wọn, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n sọdá sí pápá tó wà níwájú ilé wa. Kò pẹ́ tí wọ́n padà. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n gbàgbé. Wọ́n ní káńsù ti ti pápá. Wọ́n jókòó pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ títí oòrùn fi mú. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó wa ọkọ̀ akẹ́rù títí di ọjọ́ ogbó kì í ṣe ẹni tí ń jókòó sójú kan.

O rántí ohun tí dókítà sọ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ yẹn rọ, pé ìrìn ni oògùn rẹ̀, kí wọ́n máa rìn lójoojúmọ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Títì wa kò ṣeé rìn, kòtò ni gbogbo rẹ̀, alùpùpù sì ń fò kọjá bí ọta. Pápá yẹn nìkan ló tẹ́jú. Àwọn àgbà tí wọ́n jọ máa ń yí i po láràárọ̀, Kápẹ́ńtà, Tíṣà àti àwọn yòókù, ti wà nílé báyìí, kálukú bí adìyẹ abẹ́ apẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ nìyí. Iṣẹ́ tí ọ̀gá pápá ń ṣe níbí, òun náà ni ìwọ ń ṣe lọ́hùn-ún. Bá mi kọ̀wé sí i. Sọ fún un, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, pé àwọn arúgbó díẹ̀ lè máa rìn ní ìdájí, kí wọ́n jìnnà síra, kí wọ́n má kó àrùn ran ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tèmi kò tà létí rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ lọ máa rán ìbòmú yín." Ìbòmú ni mo sì ń rán lóòótọ́. Aṣọ ti kún inú ilé débi pé a ò rí ibi gbẹ́sẹ̀ sí.

Má jẹ́ kí èsì rẹ pẹ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Ìyá mi,

Mo kí yín, mo kí Bàbá. Lẹ́tà yín pẹ́ lọ́nà, nítorí ọkọ̀ òfuurufú kò fò tó bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Mi ò lè kọ ìwé yẹn. Báwo ni màá ṣe máa lé arúgbó kúrò lẹ́nu géètì níbí, kí n wá kọ̀wé síbòmíì pé kí wọ́n ṣí i fún bàbá tèmi? Àwọn àgbà gan-an ni àrùn yìí ń wá kiri. Ní ilé tí mò ń gbé, wọ́n gbé ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Wọn ò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e; ojú fèrèsé ló ti juwọ́ sí i. A ò rí ọkùnrin náà mọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀yin náà juwọ́ lójú fèrèsé.

Ẹ jẹ́ kí Bàbá máa rìn nínú ilé. Kí wọ́n lọ láti pálọ̀ dé yàrá ìdáná, kí wọ́n padà. Ẹ bá wọn ká aṣọ kúrò lọ́nà. Ìrìn ni ìrìn ń jẹ́, ibi yòówù kó jẹ́.

Ọgbà wa dákẹ́ rọ́rọ́. Àgbọ̀nrín ń jẹko ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Wọ́n ń wò mí bí ẹni pé èmi ni àlejò. Koríko ti ń bo ojú ọ̀nà. Tẹ́lẹ̀, tí èrò bá pọ̀, mo máa ń gbàdúrà fún irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí. Ó ti wá dé, ó sì dà bí ilé tí wọ́n kó jáde nínú rẹ̀.

Ẹ fún mi lésì kíákíá kí n lè mọ̀ pé ẹ ò bínú.

Ọmọ yín.


Ogúnjọ́, oṣù kẹfà

Ìyá mi,

Ẹ ò fún mi lésì. Mo pè, ẹ ní Bàbá ń sùn. Mo pè lọ́sàn-án, wọ́n ń sùn. Mo pè lówùúrọ̀, wọ́n ń sùn. Bàbá tí mo mọ̀, àwọn ló ń jí àkùkọ. Tí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ sọ ọ́ sí mi lójú. Ẹ má fi oorun Bàbá bò ó.

Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín.

Wọ́n ti dẹ òfin díẹ̀, a sì ti ṣí géètì. Wọ́n ní èèyàn lè jáde lọ nasẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ibi ìgbádùn tó ní òrùlé ṣì wà ní títì. Ó wá ku àwa nìkan. Àwọn tí kò wọ igbó rí láyé wọn dé pẹ̀lú bàtà gogoro, pẹ̀lú àga, pẹ̀lú ààrò tí wọ́n fi ń sun ẹran. Ìdọ̀tí ga dé orúnkún. Èmi àti Gíga nìkan la ń sáré láti igun dé igun, tí à ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jìnnà síra. Adágún omi ṣì wà ní títì. A gbé pátákó síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni lórí àga gíga tí àwọn tó ń ṣọ́ omi máa ń jókòó lé.

Lọ́jọ́ Sátidé, ooru mú gan-an. Mo gbọ́ igbe obìnrin kan létí omi. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ alásè ní ilé oúnjẹ kan tí wọ́n tì pa. Àwọn méjèèjì wá gbatẹ́gùn. Ọkùnrin náà wọ omi dé àyà, ilẹ̀ sì já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Èèyàn kún etí omi bámúbámú, wọ́n dúró, wọ́n ń wò. Ìyá, mi ò lè bú wọn. Láti ìgbà tí àrùn yìí ti dé ni a ti ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ara wọn.

Mo bẹ́ sínú omi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Gíga bá mi fà á jáde. Òfin tuntun ni pé a ò gbọdọ̀ fi ẹnu wa kan ẹnu ẹnikẹ́ni. Mo yọ ìbòmú mi, mò ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu títí ojú mi fi ń ṣú. Kò jí. Ìyàwó rẹ̀ di aṣọ mi mú, kò sunkún, ó kàn ń bi mí pé, "Àwọn tó ń ṣọ́ omi dà?"

Wọ́n ti ní kí n wà nínú yàrá mi fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo kó àrùn. Mo jókòó, mò ń wo ògiri. Ẹ kọ nǹkan kan sí mi, ì báà jẹ́ èébú.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù keje

Ọmọ mi,

Ìdí máṣìnì ni lẹ́tà rẹ bá mi, ẹsẹ̀ mi sì kọ̀, kò tẹ̀ ẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣé ara rẹ le? Ṣé àrùn ò mú ọ? Mú bírò nísinsìnyí kí o dá mi lóhùn ìyẹn, kí o tó ka ìyókù.

Bàbá yín kò sùn. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Àwọn gan-an ló ní kí n pa á.

Wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́. Wọ́n rìn láti pálọ̀ dé yàrá ìdáná. O mọ ilé wa. Kí èèyàn tó gbé ẹsẹ̀ délẹ̀, ó ti kan ògiri. Wọ́n á kọlu máṣìnì, wọ́n á fa aṣọ lulẹ̀, wọ́n á sì máa ní "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́" fún mi. Àwọn oníbàárà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ń dí mi lọ́wọ́. Wọ́n jókòó, wọn ò sì dìde mọ́. Ẹsẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gan bí igi.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, mo jí, mi ò bá wọn lórí ibùsùn. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. O mọ ibi tí ògiri pápá ti wó lẹ́yìn, níbi tí ewúrẹ́ ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ni bàbá yín gbà. Géètì ni káńsù tì, kò sẹ́ni tó wo ògiri. Koríko inú pápá ti ga, òkúta wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣubú, egungun ìbàdí wọn sì ṣẹ́.

Ẹ̀ṣọ́ pápá ló rí wọn. Ó dúró lókèèrè, ó ń pariwo pé òkú kan wà níbí. Bàbá yín ń dá a lóhùn pé àwọn ò tíì kú, síbẹ̀ kò sún mọ́ wọn. Ẹ̀rù àrùn ń bà á. Ariwo yẹn ni mo gbọ́ tí mo fi sáré débẹ̀. Oòrùn ti ń ta sí wọn lójú, èèrà ti ń rìn lára wọn. Àwọn ará àdúgbò pé sẹ́yìn ògiri, gbogbo wọn bo imú. Ìbòmú tí mo fi ọwọ́ ara mi rán ni ọ̀pọ̀ wọn wọ̀. Ẹnì kan ò sọdá. Èmi nìkan ni mo jókòó sínú koríko, tí mo gbé orí ọkọ mi lé itan títí ọkọ̀ fi dé láti ilé ìwòsàn. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti bí mi, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa gbàgbé rẹ̀.

Wọ́n ti fi irin so egungun náà. Wọ́n ti wà nílé. Orí ibùsùn ni wọ́n wà.

Mi ò bú ọ. Ohun tí o mọ̀ ni o sọ. Ṣùgbọ́n ìwé kan péré ni mo bẹ̀ ọ́ pé kí o kọ sí ẹlòmíì, èmi ni o wá kọ̀wé sí pé ìrìn ni ìrìn ń jẹ́.

Ìyá rẹ.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù keje

Ìyá mi, Bàbá mi,

Àrùn ò mú mi. Mo kúnlẹ̀, mi ò sì tíì dìde. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo kọjá ibi tí ó yẹ kí n ti sọ̀, mi ò mọ̀ títí ọkọ̀ fi dé òpin ìrìn rẹ̀, tí awakọ̀ wá fọwọ́ kan fèrèsé.

Mi ò ní ẹ̀bẹ̀ tó tó, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ti ṣe níbí. Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ikú alásè yẹn, ọ̀gá pè wá jọ sábẹ́ igi, a dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní kí a fi kún pátákó, kí a mọ odi yí omi ká. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Lọ́jọ́ yẹn mo sọ̀rọ̀. Mo ní, "Pátákó ò mọ omi wẹ̀, sà. Àwọn èèyàn máa wá. Tí a bá ti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á gba ibòmíì wọlé. Ẹ jẹ́ ká ṣílẹ̀kùn, ká sì wà níbẹ̀." Mi ò tíì gbọ́ nípa ògiri tó wó lẹ́yìn pápá nígbà náà. Gíga gbè mí lẹ́yìn. Ọ̀gá wá ní kí wọ́n pe àwọn tó ń ṣọ́ omi padà.

Báyìí, a ń gba èèyàn wọlé níwọ̀n-níwọ̀n. A fi ọ̀dà ya ọfà sójú ọ̀nà tóóró, ọ̀nà kan náà ni gbogbo èèyàn ń gbà kí ẹnikẹ́ni má pàdé ẹnìkejì rẹ̀. Lórí koríko, ẹbí kọ̀ọ̀kan ní òbìrí tí a fi ọ̀dà yà fún wọn láti jókòó sí. Ìdájí jẹ́ ti àwọn arúgbó àti àwọn tí ara wọn ò le nìkan.

Ìwé tí ẹ tọrọ wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Mo kọ ọ́ sí ọ̀gá pápá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mi ò sọ pé mo mọ ìlú jù ú lọ. Mo sọ ohun tí a ṣe, mo sì sọ ẹni tó kú kí ojú wa tó là. Mo mọ̀ pé ó pẹ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Ẹsẹ̀-ò-gbélé,

Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé. Mo mú un tọ ọ̀gá pápá lọ. Ó kà á lórí ìdúró, ó ní nǹkan òkè òkun ni, pé kò sí àṣẹ fún òun láti ṣe irú rẹ̀ níbí. Mi ò bá a jiyàn. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo gbé àga mi lọ sẹ́nu géètì, mo jókòó. Ìyàwó Kápẹ́ńtà rí mi, ó gbé tirẹ̀ wá. Ìyàwó Tíṣà tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. A jìnnà síra, a bo imú, a ò pariwo. Ẹ̀ṣọ́ ní kí a kúrò nínú pápá. Ìyàwó Kápẹ́ńtà ní, "Ṣé inú pápá la wà ni?"

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àga ti yí kọ́nà. Ọ̀gá wá, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wò wá títí. Ó bi wá pé kí la fẹ́ gan-an. Mo ní kó ṣí i ní ìdájí fún àwọn tó ń fi ọ̀pá rìn. Ó tún ní kò sí àṣẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ti ń gé koríko. Wọ́n dí ògiri tó wó, wọ́n fi ọ̀dà funfun ya ọfà sílẹ̀, wọ́n ṣí géètì.

Wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá yín ní àwọn ò lọ. Nọ́ọ̀sì ti ní kí wọ́n máa rìn, wọ́n ti ń fi ọ̀pá méjì dìde, ṣùgbọ́n wọ́n kọjú sógiri. Wọ́n ní àwọn ò ní rìn níbi tí gbogbo àdúgbò ti wo àwọn bí òkú ewúrẹ́. Gbogbo ìjókòó tí mo jókòó. Mi ò mọ ẹni tí mo máa jágbe mọ́. Ìwọ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ìyá ní kí n bẹ̀ yín kí ẹ lọ sí pápá. Mi ò ní bẹ̀ yín. Mo ti sọ ibi tí ẹ máa rìn fún yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì gbọ́ sí mi lẹ́nu, ẹ wo ibi tó gbé wa dé.

Ohun tí mo lè sọ ni tèmi. Ibi tí alásè yẹn kú sí, ojú ọ̀nà iṣẹ́ mi ni. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, mò ń fi ẹ̀yìn igbó yí i ká. Lọ́jọ́ kan, ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn kún fún omi, mo bá gba ibẹ̀. Ilẹ̀ lásán ni. Ẹsẹ̀ mi gbé mi kọjá. Mi ò sọ pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Fara da ọwọ́ ìkọ̀wé yìí. Èmi bàbá rẹ ni mò ń kọ ọ́ fúnra mi, ìyá rẹ kò sì mọ̀.

Mo lọ. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ẹnu ọ̀nà ni mo fẹ́ jókòó sí. Ẹ̀ṣọ́ ṣí géètì fún mi, kò lè wò mí lójú. Ó kí mi, mo dá a lóhùn. Mi ò bá a jà; ẹ̀rù kì í bèèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo tẹ̀ lé ọfà funfun díẹ̀díẹ̀. Mo rìn dé ibi tí mo ṣubú sí. Wọ́n ti gé koríko rẹ̀, mi ò tilẹ̀ dá ibẹ̀ mọ̀ dáadáa. Mo jókòó sórí àga onígi kan, mo mí.

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo ní ìyàwó wọn jókòó sẹ́nu géètì nínú òtútù ìdájí nítorí wọn, àwọn wá nà gbalaja sórí ibùsùn. Kápẹ́ńtà, tó máa ń pa irọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ fún wa. Tíṣà, tó máa ń rìn bí ẹni tí ajá ń lé. Mo pe ẹ̀ṣọ́, mo ní kó má tíì ti géètì, pé àwọn ọ̀lẹ wọ̀nyẹn ṣì ń bọ̀. Ó dúró. Ó yọ fìlà rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé wọn ò tíì sọ fún yín ni?"

Ọmọ mi, Kápẹ́ńtà ti kú kí n tó ṣubú. Tíṣà kú nígbà tí mo wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Wọ́n sin wọ́n láìsí èrò. Ìyá rẹ mọ̀, ó fi pa mọ́ fún mi, ó sì dájú pé ó fi pa mọ́ fún ìwọ náà. Má bá a jà. Má sì sọ fún un pé mo ti mọ̀. Á sọ ọ́ nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá gbà á. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ fún ọ yìí, ara mi kò tíì balẹ̀. Opó ni àwọn obìnrin wọ̀nyẹn nígbà tí wọ́n gbé àga wọn jáde. Ọkọ wọn kò tún ní wọ géètì yẹn mọ́, síbẹ̀ wọ́n jókòó títí wọ́n fi ṣí i.

Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́, ìyàwó Kápẹ́ńtà wọlé. Òun nìkan ni. Ó wọ bàtà ọkọ rẹ̀, ó tóbi fún un. Ó rí mi, ó dúró. Mo dìde lórí ọ̀pá mi méjèèjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo tẹ̀ lé e, àlàfo wà láàárín wa bí òfin ṣe wí. Ó ń rọra gbẹ́sẹ̀ nítorí mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe yí pápá po tán.

Lẹ́nu géètì, ó bi mí bóyá mo máa wá lọ́la. Mo ní mo máa wá.

Bàbá rẹ.